Jígí Tí Mo Fi Ìmọ́lẹ̀ Ṣe fún Bàbá Mi

Nínú yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó, oòrùn kò gbọdọ̀ wọlé. Wọ́n fi bébà dúdú bo gbogbo fèrèsé, gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n sì fi sókè, tí ojú gbogbo wa fi máa ń rí bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ mú. Tí mo bá sọ èyí fún ará Lokoja, wọ́n á ní kí n yé parọ́. Ní ilé wa ní Old Market, oòrùn ni ọ̀gá. Ìyá mi, kí Ọlọ́run forí jìn ín, kì í jẹ́ kí oòrùn kankan ṣòfò. Á sá ẹ̀wà, á sá ẹja, á sá ìrọ̀rí àti tìmùtìmù, nígbà tí kò bá sì sí ohun tí yóò sá mọ́, á ní kí àwa ọmọ lọ jókòó síta.

Jígí ojú ni iṣẹ́ wa, èyí tí wọ́n ń fi sínú férémù fún ẹni tí kò ríran dáadáa. Láyé ìsinsìnyí kì í ṣe gíláàsì gidi mọ́. Oje kan ni, ó mọ́ gaara bí omi. À ń dà á sáàárín àwo gíláàsì méjì tó ti tẹ̀ bí a ṣe fẹ́ kó tẹ̀, a ó wá mú kó dì. Ohun tó ń mú un dì yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ooru ni. Ààrò ńláńlá ló wà ní ẹ̀yìn yàrá wa, inú wọn ni jígí ti ń jinná, ọ̀sán àti òru.

Kì í ṣe òtútù ìlú náà ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi. Ìdákẹ́jẹ́ ni mi ò mọ̀ sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo kí bàbá àgbàlagbà kan níbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ni mò ń kí. Ní Lokoja, kí n tó ti iwájú ilé wa dé etí odò, màá ti gbọ́ "ẹ káàárọ̀", màá ti gbọ́ "sannu", màá ti gbọ́ "ọ̀kun o", ẹni tí kò bá sì rí mi kí á bi àwọn tó wà lẹ́yìn mi pé ta ló bí ọmọ yìí.

Ọ̀gá yàrá wa ń jẹ́ Maureen. Ó ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí, ó sì ní kí n máa pe òun ní Maureen lásán. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò pè é ní nǹkan kan rárá. Tí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, màá lọ dúró síwájú rẹ̀ títí yóò fi gbójú sókè. Ó rò pé adití ni mí.

Ẹ̀yìn àwọn ààrò yẹn ni mo sọ di Lokoja. Ooru kì í kánjú. Tí a bá ti kó jígí sínú rẹ̀, ó di ọjọ́ kejì, nítorí náà ààyè máa ń wà. Ní àkókò ìsinmi màá gbé àpótí kan lọ síbẹ̀, màá fẹ̀yìn ti ògiri gbígbóná náà, màá sì pe bàbá mi. Tí mo bá dijú, oṣù kẹta ni, kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀.

"Ìyá mi, ṣé o ti jẹun?" Bí ó ṣe ń pè mí nìyẹn, torí wọ́n ní mo jọ ìyá rẹ̀.

"Mo ti jẹun, Bàbá."

"Kí lo jẹ?"

"Búrẹ́dì ni."

"Mo ní ṣé o ti jẹun, ò ń sọ̀rọ̀ búrẹ́dì."

Bàbá mi ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sọ́rùn agbádá. Ìlọrin ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Old Market ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ náà ló sì ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lọ sílé ẹ̀kọ́ òyìnbó lọ́jọ́ kan. Ilé kéwú ló lọ, ó sì há Kùránì sórí kó tó hu irùngbọ̀n. Ohun tó bá gba etí bàbá mi wọlé lẹ́ẹ̀mejì, kò tún jáde mọ́. Ó lè ka gbogbo orúkọ ẹni tó wá síbi ìsọmọlórúkọ mi fún ọ, bí wọ́n ṣe jókòó.

Lẹ́yìn ààrò yẹn, á sọ fún mi pé odò ti kún, pé oníbàárà kan fi agbádá sílẹ̀ títí, nígbà tó wá gbé e ó ti sanra ju aṣọ lọ. Bilikísù, àbúrò mi obìnrin, tó ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní àdúgbò Natako, á gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, "Àǹtí, ẹ má dá Bàbá lóhùn, ọ̀rọ̀ tó sọ fún yín lánàá náà nìyẹn." Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á rẹ́rìn-ín, jígí àwọn olójú-kò-ríran sì ń jinná lọ lẹ́yìn mi.

Nígbà òtútù kejì mi ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun dé.

Kò ju àpótí aṣọ lọ, iná aláwọ̀ àlùkò ló kún inú rẹ̀. Wọ́n ní a ò ní fi ooru mú oje dì mọ́, ìmọ́lẹ̀ la ó máa lò. Mo rò pé àwàdà ni. Maureen da oje sáàárín àwo, ó tì í sábẹ́ iná, kó tó mu tíì rẹ̀ tán, jígí ti dì, ó le, ó ń dán.

"Ooru ń bẹ̀ ẹ́ ni," ó wí fún mi. "Ìmọ́lẹ̀ ń pàṣẹ fún un."

Ìdí nìyí tí yàrá wa fi ṣókùnkùn. Oje tuntun yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín iná wa àti oòrùn. Tí ojúmọmọ bá kàn án nínú ìkòkò, á dì síbẹ̀.

Mo mọ iṣẹ́ náà kíá. Ọwọ́ tó ti ń di abẹ́rẹ́ mú láti kékeré kì í gbọ̀n. Bí mo bá da oje, atẹ́gùn kì í há sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan Maureen pe àwọn yòókù kí wọ́n wá wo bí mo ṣe ń dà á. Wọ́n dúró yí mi ká, mo sì dà á bí ẹni tó ń da epo sẹ́nu ìgò. Nígbà tí mo dé yàrá mi lọ́jọ́ yẹn, mo jó. Èmi nìkan, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n wọ́n paná ààrò. Ògiri mi tutù. Ààyè náà sì bá ooru lọ, torí ìmọ́lẹ̀ kì í dúró de èèyàn. Kí o tó yọ èyí, òmíì ti fẹ́ wọlé. Bàbá mi á pè, màá ní, "Bàbá, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, màá pè yín padà." Á ní, "Kò burú, ìyá mi, Ọlọ́run á tì ọ́ lẹ́yìn." Ìgbà míì mo máa ń pè padà. Ìgbà míì, mi ò ní pè.

Ọjọ́ kan oòrùn yọ. Ẹni tí kò bá gbé níbẹ̀ rí kò lè mọ ohun tí mò ń sọ. Fún oṣù bíi mélòó kan, ojú ọ̀run kàn rí bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò. Lọ́jọ́ yẹn, mo rí i lábẹ́ ilẹ̀kùn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó pọ́n. Fóònù mi dún, bàbá mi ni. Mi ò ronú. Mo ṣe ohun tí ìyá mi ìbá ṣe: mo ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, kí oòrùn wọlé kó rí wa.

"Bàbá, oòrùn yọ níbí lónìí o!"

"Ti ibí kò lọ rí," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá mi, ojú mi yìí dà bíi pé…"

Ìgbà yẹn ni mo bojú wẹ̀yìn. Oje inú ìkòkò ti ń dì bí ẹ̀kọ tútù. Maureen ń sáré bọ̀.

"Bàbá, màá pè yín padà."

Mo pa fóònù. Maureen bi mí pé kí ni mo ṣe yìí, mo ní oòrùn ni mo fẹ́ rí. Ó wò mí pẹ́. "Èmi náà fẹ́ rí i," ó wí, "ṣùgbọ́n à bá kọ́kọ́ bo ìkòkò." Àwa méjèèjì jọ ha á kúrò lára ìkòkò ni. Mi ò pe bàbá mi padà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo pè é lọ́jọ́ kejì, mo bá a sọ̀rọ̀ oje tó bàjẹ́, ó bá mi rẹ́rìn-ín, kò sì mẹ́nu ba ojú mọ́. Èmi náà kò bi í.

Bilikísù ló padà sọ ọ́. "Àǹtí, èmi ni mò ń bá Bàbá fi òwú bọ abẹ́rẹ́ báyìí. Ẹ wálé wá wo ojú wọn."

Níbi iṣẹ́, wọ́n ń sọ pé àwọn fẹ́ fi mí ṣe igbákejì Maureen nígbà yẹn. Mo ní kí Bilikísù wá ibi tí wọ́n ti ń wo ojú, kó mú Bàbá lọ. Mo wá fi kún un, torí mo fẹ́ kó dà bíi pé ọmọ gidi ni mí: "Tí wọ́n bá fi lè sọ pé ojú yẹn kò dára, wàláhì, màá fiṣẹ́ sílẹ̀, màá wálé." Mi ò mọ̀ pé ó gbé fóònù sí gbangba, pé bàbá mi ń gbọ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, àwọn kan wá ń wo ojú lọ́fẹ̀ẹ́ níwájú mọ́ṣáláṣí Old Market. Wọ́n so páálí lẹ́tà kọ́ ara ògiri, èrò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Bilikísù pè mí láti ibẹ̀, ayọ̀ kún ohùn rẹ̀.

"Àǹtí, Bàbá ka gbogbo ẹ̀! Títí dé àwọn wínníwínní ìsàlẹ̀! Ẹnu ya ẹni tó ń ṣe é. Ó ní ojú Bàbá dá ju tòun lọ."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú bàbá mi ni mo kọ́kọ́ dúpẹ́ fún. Mo dúpẹ́ pé mi ò ní wálé mọ́. Ìtura náà gba gbogbo ara mi bí omi gbígbóná. Títí di òní, tí mo bá rántí bó ṣe dùn mọ́ mi tó, ojú máa ń tì mí láàárín ọjà.

Mo fi ọwọ́ ara mi ṣe jígí fún un, èyí tí kò lágbára púpọ̀, tí àgbàlagbà fi ń rí nǹkan tó wà nítòsí. Maureen bá mi yan férémù. Mo fi rán ẹnìkan tó ń lọ sílé, nígbà tó sì dọ́wọ́ bàbá mi, ó pè.

"Ìyá mi, kí lo fi sínú nǹkan yìí? Mo wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, mò ń rí ewúrẹ́ tó ń jẹko lórí Òkè Patti!"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo sọ fún Maureen, ó bi mí pé báwo ni òkè yẹn ṣe jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù tó. Mo júwe fún un. Kò rẹ́rìn-ín.

"Kò sí jígí tó lè ṣe ìyẹn," ó wí.

Mo ní bàbá mi fẹ́ràn àsọdùn. Mo sì padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Wọ́n fi mí ṣe igbákejì lóòótọ́. Àwọn ará ibẹ̀ ń bi mí pé ibo ni mo ti wá gan-an. Nílé, wọ́n ti ń pè mí ní ará òyìnbó. Nínú bọ́ọ̀sì, tí mo bá rí ẹni tó wọ awò ojú, màá máa wò ó, màá máa rò pé bóyá ọwọ́ mi ló ṣe jígí rẹ̀. Obìnrin kan ń ka ìwé fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń ka wínníwínní, inú mi dùn, àfi bíi pé èmi ni mò ń kà á. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń fi iṣẹ́ ọwọ́ mi ríran. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, mo sì máa ń dá ara mi lóhùn pé màá lọ, tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ọwọ́ mi kò dilẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Bilikísù pè. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹkún nínú ẹ̀rín náà.

"Àǹtí, mo dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí, Bàbá ń kí èèyàn. 'Ẹ káàárọ̀ o, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́?' Mo wọlé, mi ò rí ẹnì kankan. Agbádá tí wọ́n fi kọ́ ni wọ́n ń kí. Wọ́n dúró kó dá wọn lóhùn."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo wálé.

Bàbá mi wà níwájú ilé nígbà tí mo dé, awò ojú tí mo ṣe fún un lójú rẹ̀. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Ìyá mi dé," ó sì na ọwọ́ méjèèjì síbi tí mi ò sí.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Bilikísù mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá jẹ́ ọmọ Yàgbà. "Ọ̀kun o, Bàbá," ó wí, ó fà á jókòó, ó ní kó ka lẹ́tà ara ògiri. Bàbá mi gbé àyà sókè bí ọmọ kéwú níwájú alùfáà.

"E," ó wí. "F, P. T, O, Z."

Ó ń kà á lọ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kò kọsẹ̀ níbì kankan. Nọ́ọ̀sì wò mí. Mo tẹ̀ lé ojú bàbá mi. Páálí lẹ́tà wà lára ògiri ọ̀tún. Ògiri iwájú ló kọjú sí, níbi tí wọ́n so kàlẹ́ńdà kọ́. Kàlẹ́ńdà ni bàbá mi ń ka lẹ́tà fún.

Ó ka gbogbo rẹ̀ tán, dé ìsàlẹ̀. Ó yí orí síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ṣé mo fo ọ̀kan ni?"

Bilikísù bú sẹ́kún, ó sáré jáde.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́. Ó ní àrùn kan ló ń jẹ iṣan ojú, kì í dunni, kì í pariwo. Ojú ọ̀tún ti lọ. Ti òsì ṣẹ́kù díẹ̀, oògùn tí a ó máa kán sí i lè dá èyí tó kù sí. Èyí tó ti lọ kò ní padà, jígí kankan kò sì lè ràn án lọ́wọ́.

"Tí a bá ti tètè mú wọn wá ńkọ́?" mo bi í.

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ìbá ṣẹ́kù ju báyìí lọ."

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa bọ̀, mi ò lè pa á mọ́ra. "Bàbá, kí ló dé?"

"Ẹni mẹ́ta ló kà á ṣáájú mi lórí bẹ́ǹṣì níwájú mọ́ṣáláṣí," ó wí. Ìgbéraga díẹ̀ wà nínú ohùn rẹ̀, Ọlọ́run jẹ́rìí mi. "Ṣé wọ́n á máa kà á sí mi létí kí n má há a ni?"

"Ìdí tí ẹ fi ṣe é ni mò ń bi yín."

"Ìwọ lo ní o máa fiṣẹ́ sílẹ̀ tí ojú mi kò bá dára."

Kẹ̀kẹ́ kó sí kòtò, awakọ̀ ní, "Sorry, Baba." Mo di ọwọ́ bàbá mi mú. Mo ti gbé irọ́ yẹn pẹ́ tó.

"Bàbá, ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ǹ bá wá lóòótọ́."

"Mo mọ̀," bàbá mi wí jẹ́jẹ́. "Ìdí tí mi ò fi fẹ́ dán an wò nìyẹn."

Mo sunkún títí tí a fi dé Old Market. Kò ní kí n dákẹ́. Ó kàn ń fi àtàǹpàkò rẹ̀ ra ìka mi, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bó ṣe máa ń ra òwú kó tó rán nǹkan.

Mo lo gbogbo ìsinmi mi nílé. Mo kọ́ Bilikísù bí yóò ṣe máa kán oògùn. Àwa méjèèjì kó ẹrù bàbá mi lọ sí Natako, ó sì ní kí a gbé agbádá tó ń ṣe lọ́wọ́ tẹ̀ lé òun, ó ní ọwọ́ òun ṣì mọ ọ̀nà. Mo ní mi ò padà sílùú òyìnbó mọ́. Ó ní ta ni yóò wá máa san owó oògùn, Òkè Patti? Ohun tó burú jù ni pé nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, mo tún gbọ́ ìtura yẹn lára mi, kékeré, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń lọ, a lọ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí a jókòó síta díẹ̀. Oòrùn ti gòkè, ó ń ta sórí àwọn páànù. Kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ gbé mi dúró lókèèrè. Bàbá mi gbójú sókè síbi tó rò pé òkè wà, awò ojú mi ṣì wà lójú rẹ̀.

"Ìyá mi, ewúrẹ́ mélòó ló wà lórí Òkè Patti láàárọ̀ yìí?"

Mo wo òkè náà. Igi àti òkúta ni mo rí, àti òpó ẹ̀rọ fóònù.

"Mẹ́ta ni, Bàbá. Ọ̀kan funfun."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rín títí awò ojú fi fẹ́ bọ́. "Irọ́ lò ń pa. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹnì kan kò rí ewúrẹ́ níbẹ̀ láti ibí rí."

Kẹ̀kẹ́ fọn fèrè. Mo kúnlẹ̀ kí ó súre fún mi. Ọwọ́ rẹ̀ wá mi, ó kọ́kọ́ ba èjìká, ó wá dé ojú mi, ó dúró níbi tí omi ti ń ṣàn.

"Máa lọ," ó wí. "Má wẹ̀yìn. Ojú rẹ náà, mo ti há a sórí."